Ìgbì Kẹ́tù Mọ̀núrù

Bí ènìyàn bá bi Mọ̀núrù léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á kọ́kọ́ wúkọ́. "Oníṣẹ́ ọnà ni mí," á wá wí, ojú rẹ̀ á sì máa wá ibi tí yóò sá sí, nítorí wọ́n á fẹ́ mọ ohun tó fi ń ṣe ọnà. Kẹ́tù àlùwàlá ni. Kẹ́tù oníke tó ti là, tí wọ́n ti jù sí ẹ̀yìnkùlé, òun ló ń ṣà wọ́n kiri láti Láfíàjí dé Adéníji Adélé ní Èkó. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Bàbá Oníkẹ́tù. Kò bá wọn jà. Òun gan-an rò pé orúkọ náà yẹ òun ju oníṣẹ́ ọnà lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dun Mọ̀núrù, ìyẹn Alhaja Ganiat, ìyá rẹ̀. Alhaja kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ó ń kí bíríkìlà, ó ń kí agbálẹ̀, "ẹ kú iṣẹ́ o." Ṣùgbọ́n bó bá bá ọmọ tirẹ̀ nídìí kẹ́tù, tí òógùn bò ó, "O kú eré o, Mọ̀núrù" ló máa ń sọ. Kò fi bú u, bó ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn. Irun ti ń funfun lórí Mọ̀núrù, síbẹ̀ ìkíni yìí máa ń ṣe é bíi kó sunkún.

Nígbà tí Yéwándé, obìnrin tó ń ṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní gbọ̀ngàn kan ní Igbosere, gbà kí ó wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Ó rò ó lọ́kàn pé lọ́jọ́ yẹn, dandan ni kí Alhaja kí òun bí wọ́n ṣe ń kí oníṣẹ́.

Ó fi wáyà so kẹ́tù rọ̀ láti àjà títí wọ́n fi rí bí ìgbì ọ̀sà. Ó ti fi irin gbígbóná lu ihò sí ìdí wọn, kí iná àjà lè máa gba ibẹ̀ yọ. Ọ̀kan péré ni kò tàn. Lọ́jọ́ ìpàtẹ, nígbà tí àwọn lọ́yà tó yà láti kóòtù tó wà nítòsí bi í léèrè ìdí rẹ̀, Mọ̀núrù ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní òkùnkùn inú ìtàn Èkó nìyẹn. Wọ́n mi orí pé ó yé àwọn. Ẹnu yà á pé wọ́n mi orí, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí òun sọ.

Ni àsìkò ìrun mọ̀gàríbì bá tó. Alhaja, tó ti wà láàárín àwọn àlejò, kì í ṣe àlùwàlá láìsí kẹ́tù. Kò wọ̀tún wòsì, ó tú ọ̀kan níbi tí ìgbì ti sún mọ́lẹ̀, ó gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ. Kò pẹ́ tó padà dé, bàtà rẹ̀ tutù rinrin.

"Mọ̀núrù, ta ló lu kẹ́tù yìí?"

"Èmi ni, Màmá. Kí iná lè yọ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀."

"Kẹ́tù kún inú ilé, a ò wá rí ẹyọ kan ṣe àlùwàlá."

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Mọ̀núrù ló rẹ́rìn-ín jù, nítorí òótọ́ ni.

Alhaja wá tọ́ka sí èyí tó ṣókùnkùn. "Ìyẹn ńkọ́?"

Mọ̀núrù la ẹnu láti mú ìtàn Èkó jáde. Kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. "Ti Bàbá ni. Mo gbé irin sún mọ́ ọn títí. Mi ò lè lù ú."

Alhaja sún mọ́ ọn. Ó rí ẹnu kẹ́tù tí àbẹ́là ti jó, ó rí wáyà pupa tí Salahudeen, ọkọ rẹ̀, fi di ọwọ́ kẹ́tù náà kó tó kú. Ó ti rò pé àwọn agbálẹ̀ ló gbé e lọ. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Bá mi tú u."

Omi kò jò nínú rẹ̀. Alhaja ṣe àlùwàlá, ó kírun ní igun gbọ̀ngàn, ó sì gbé kẹ́tù padà fún ọmọ rẹ̀ pé kó so ó sí àyè rẹ̀. Mọ̀núrù gun àkàbà, ó so ó. Ìyá rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó ń wòkè.

"O kú iṣẹ́, Mọ̀núrù."

 Mọ̀núrù di wáyà mú lórí àkàbà. "Òo," ló sọ, bí àwọn bíríkìlà tó ń kí ṣe máa ń dá a lóhùn.