Aṣọ Ilé Ìwé Àwọn Ọmọ Tí Kò Wá

Télọ̀ tó bá dúró dìgbà tí ilé ìwé bá wọlé kó tó gé aṣọ, ebi ló ń gé. Ọ̀rọ̀ Ojú-Téèpù nìyẹn, òun náà ló sì fi jẹun láti ìgbà èwe títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ ní Ojú-Téèpù, nítorí kì í pẹ́ kó tó mọ ìbú èjìká ènìyàn. Á wò ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, á tún ọ wò, ó parí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí géètì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: yàrá kan tó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tábìlì ìgéṣọ láàárín, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì lẹ́bàá fèrèsé, àjákù aṣọ káàkiri ilẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́tí tó bá fi sí i máa ń fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí òbí lè máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń ga. Ó ní ẹ̀yọ aṣọ kan ni òbí ń rà, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ń gbé lọ sílé.

Nínú ọlidé gígùn ló ti máa ń gé aṣọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀, láìtíì rí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn. Ara àwọn ìyá wọn ló ti ń mọ iye tí yóò gé. Obìnrin tó bá lóyún ní àdúgbò yẹn kì í sáré ra aṣọ tuntun. Á di èyí tó ní, á fi ránṣẹ́ sí télọ̀ kó bá òun tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó fẹ̀. Ojú-Téèpù á tú u, á fi í sọ́kàn. Tó bá di ọdún karùn-ún tàbí ìkẹfà, ọmọ inú aṣọ náà á dé síwájú ṣọ́ọ̀bù, á na apá méjèèjì kí wọ́n wọn òun. Ìṣirò yìí kì í tàsé. Kò sì bi obìnrin kankan léèrè rí. Ta ló ń bi obìnrin pé ṣé ó lóyún ni, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń wá ìbínú kiri?

Lọ́dún kan, ìjọba ìbílẹ̀ pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé náà. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti ọ́fíìsì wọn ló wá, ó tan àwòrán sára ògiri, ìlà kan ń gòkè, ìlà kejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ìlú ńlá yìí, bí èrò ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ tó yẹn, bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá fi máa kọjá, iye àwọn ọmọdé inú rẹ̀ á ti dín sí nǹkan bí ìdajì, àwọn arúgbó á sì ti di ìlọ́po méjì. Owó ilé ń lé àwọn tọkọtaya tó jẹ́ ọ̀dọ́ lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Àwọn tó dúró ń bí ọ̀kan, àwọn mìíràn kò bí rárá. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ilé ìwé náà má rí ọmọ gbà sí kíláàsì kìíní mọ́ láìpẹ́. Bó ti ń sọ ọ́, jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń túfọ̀ fún ìyá olókùú.

Ojú-Téèpù dìde. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

“Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún yín nílé pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ ni? Ẹ tiẹ̀ wá ń ka àwọn tí a ò tíì bí.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún wọn pé lóòótọ́ ni ọmọ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ láwọn ọdún díẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n òun nìkan lòun mọ iye aṣọ obìnrin tí òun tú láti bí ọdún mẹ́fà wá, kò sígbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Kí wọ́n padà lọ sọ fún ọ́fíìsì wọn pé ọmọ ń bọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú àga. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ kò ju pé, “Bàbá, kó rí bẹ́ẹ̀ o.” Ojú-Téèpù jókòó, ó rò pé òun ti borí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí àwàdà, bí kì í bá ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, òun náà mọ aṣọ rán. Òun ló ń jókòó nídìí ẹ̀rọ kejì látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ẹ̀yìn ìlú, ó ti gba yàrá méjì síbẹ̀. Ilé ìwé tuntun wà nítòsí, àwọn ọmọ ń ya jáde níbẹ̀ bí eéṣú, ṣọ́ọ̀bù kan sì ṣófo lẹ́bàá géètì. Onílé ń retí èsì. Ọkọ ń retí ìyàwó àti ọmọ. Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ pé kí ló rí sí i. Ojú-Téèpù ní kó dúró. Ó ní ẹni tí òjò máa rọ̀ sí lójúde kì í ru garawa lọ wá omi lókè odò.

Ọmọ gba ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gbọ́, ó dúró. Kò pẹ́ sígbà náà, télọ̀ mìíràn gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ìlú. Ọkọ tó ń wá sílé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀kan, ó ń fo méjì, ọmọ wọn kékeré sì dẹ́kun bíbéèrè ọjọ́ tí yóò wá.

Ojú-Téèpù gé aṣọ ní ọlidé yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀, ó gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi téèpù kọ́rùn. Àwọn ọmọ tuntun tó wọ géètì kò kún ọwọ́ kan. Àwọn òbí méjì ra aṣọ, ìyókù ti gba àlòkù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò dé. Ọ̀sẹ̀ náà dé, wọn ò dé. Aṣọ gígé wà lórí tábìlì bí òkè, a kò lè fi í rán nǹkan mìíràn nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

Ara kò gbà á mọ́, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, lọ́dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Obìnrin yìí ni gbogbo àdúgbò máa ń kó aṣọ àtúnṣe fún kó bá wọn gbé e fún télọ̀, bí wọ́n bá ti wá ra búrẹ́dì. Ìdì ni Ojú-Téèpù ń rí, kì í rí ẹni tó ni ín. Ó bi í pé àwọn obìnrin tó kó aṣọ wọn wá lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, níbo ni wọ́n kó ọmọ wọn lọ?

“Ọmọ wo?”

“Àwọn tí mo tú aṣọ wọn kó fẹ̀. Ìyàwó mẹkáníìkì. Tíṣà tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. Ẹ̀rín náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó.

“O rò pé oyún ni? Haba, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rá ni! Orúnkún ń dun ìyàwó mẹkáníìkì, kò lè rìn mọ́, ló bá ń fẹ̀. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Aṣọ tèmi náà wà nínú ìdì yẹn, ṣé ọmọ lèmi náà máa bí lẹ́ni àádọ́ta ọdún ni?” Ó nu ojú rẹ̀. “Ìwọ gan-an, ta ló ń bá ọ tú ṣòkòtò tìrẹ?”

Ojú-Téèpù gbìyànjú láti bá a rẹ́rìn-ín. Ó ń rántí orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wá rí i pé àwọn obìnrin àtijọ́ kan náà ni gbogbo wọn: àwọn tí òun tú aṣọ oyún wọn lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tuntun kankan tó dé lẹ́yìn wọn. Ó mọ ìbàdí wọn dáadáa, kò kàn wo ojú wọn ni, nítorí pé tirẹ̀ náà ń gbó lọ pẹ̀lú tiwọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì tún gbé ọ̀bẹ rẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́ta lòun bí, gbogbo wọn ti lọ, kò tíì sí ẹnìkan nínú wọn tó pe òun ní ìyá àgbà.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ rẹ̀ ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ nídìí fèrèsé. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí òwú fi wọlé, kó tó sọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo ṣì í. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn ló rí i bó ṣe rí. Kó ẹrù rẹ, tọ ọkọ rẹ lọ.”

Ọmọ náà kò yíjú. “Ṣọ́ọ̀bù yẹn ti lọ, Bàbá.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹni tó gbà á ń wá ẹni tí yóò máa bá a rán. Bóyá ó máa gbà mí.”

Kò bá a wí, ìyẹn gan-an ló sì dun bàbá jù. Télọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ọ̀gá lójú géètì yẹn yóò lọ máa ṣe ọmọ iṣẹ́ nínú ilé tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Èèyàn lè ta aṣọ gígé ní gbàǹjo, ṣùgbọ́n ọdún tí ọmọ ẹni fi dúró de ọ̀rọ̀ ẹni kò ní ọjà tí a ti ń tà á.

Ọkọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n kó ibùsùn, wọ́n kó ìkòkò, àwọn ọkùnrin méjèèjì jọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kejì sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àpò aṣọ. Ojú-Téèpù ti lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ tó ṣáájú láti yọ orúkọ ọmọ náà kúrò nínú ìwé wọn. Ọ̀gá náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà parí ọdún, nítorí ìjọba ń ka àwọn ọmọ tó kù kí wọ́n tó pinnu bóyá wọn yóò ti ilé ìwé náà pa. Ojú-Téèpù ní kó má bínú.

Ọmọ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú lẹ́bàá ọkọ̀, ó ní kó ti ilẹ̀kùn, kó máa bá wọn lọ.

“Kí n wá ṣe kí ni níbẹ̀?” ló wí. “Àwọn arúgbó ibí ń súnkì, ṣòkòtò wọn ti gùn jù wọ́n lọ. Bí n kò bá gé e, wọ́n á máa fi í kọsẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dẹ́rẹ́bà tẹ fèrè. Nígbà tí agogo ilé ìwé dún lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ojú-Téèpù ń wo géètì bó ti máa ń wò ó. Àwọn tó jáde fi ọ̀kan dín.