Orin Tó Gba Ẹnu Wòlíì Wọlé

Tí mo bá fẹ́ gbọ́ orin mi nínú ilé yìí, ìyàwó mi á ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Kì í jà, kì í bú mi. Á kàn dìde, á gbé fóònù rẹ̀ dání, á wọlé síbẹ̀, ìlẹ̀kùn á sì dún gbà. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà ní Peckham, kí a tó kó wá sí ẹ̀bá Mayesbrook Park ní ìlà-oòrùn London níbí, kí àwọn ìbejì wa tó dàgbà tí wọ́n fi kó jáde. Mo mọ ìró ìlẹ̀kùn yẹn débi pé mo máa ń dúró dè é kí n tó fi ara ti àga.

Ó ń dùn mí, n ò sì ní fi bò. Àwo orin jáàsì tí mo ní kún ògiri pálọ̀ kan láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ n ò rí ẹnì kan nínú ilé mi tó lè jókòó tì mí kó gbọ́ ojú kan àwo kan tán. Ojú kan àwo ò tó àsìkò tí ẹ̀wà fi ń jinná. Ìyàwó mi lè fi odidi ọ̀sán Sátidé bá àwọn ará ìjọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ní, "Ìyá Ìbejì, wá gbọ́ ibi tí ọkùnrin yìí fẹ́ fọn ún gbà," á ní, "Ariwo yín yẹn? Bàbá Ìbejì, abeg, I have headache." Orí tí kò fọ́ ọ tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Surulere ni jáàsì ti mú mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Onílé wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń gbé giramafóònù rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwa ayálégbé á sì máa gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo dé London tí mo ríṣẹ́, àwo ni mo kọ́kọ́ ń rà kí n tó ra kóòtù tó nípọn. Ti Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé Amẹ́ríkà nìkan ló ni nǹkan ọ̀hún, bí ọ̀pọ̀ òmùgọ̀ ṣe rò. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì láti ẹnu iṣẹ́ mi ní Marks Gate lọ sí Romford nínú òjò nítorí àwo kan, ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé ara rẹ̀ ti họ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. Ìgbà kan ṣoṣo tí àwo mi dá a lára yá nìyẹn.

Òyìnbó kan wà tó máa ń pàtẹ ní ọjà Barking. Ilé àwọn tó ti kú ló máa ń kó, ó sì ń ta gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀, látorí síbí dórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń yẹ ẹrù rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan nígbà tí mo kan àwo kan tí páálí rẹ̀ ti ya létí. Ọkùnrin márùn-ún ló wà nínú fọ́tò rẹ̀, wọ́n dúró ti ògiri bíríkì nínú kóòtù tó ti gbó. Ẹnì kan ló rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ń wo iwájú bí ẹni pé ẹni tó fẹ́ ya wọ́n ní fọ́tò ti kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìwé ìgbélùú. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé Johannesburg ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. N ò gbọ́ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn rí. Nítorí ojú wọn ni mo ṣe rà á.

Nígbà tí mo gbé e sí i nílé, dùùrù ló bẹ̀rẹ̀. Ohùn mẹ́ta péré ló ń tẹ̀, ó ń yí wọn po, ó ń padà sórí wọn, kò kánjú. Mo ti ń nawọ́ sí ife tíì mi nígbà tí ọwọ́ mi dúró sínú afẹ́fẹ́. Mo mọ ohùn mẹ́ta yẹn. Òun náà ni ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa máa ń tẹ̀ nígbà tí àdúrà bá fẹ́ wọra.

Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth la ti ń jọ́sìn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, tí òórùn rọ́bà àti ti tùràrí jọ ń wọ imú ẹni. A máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó sì fẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì tútù. Láti kékeré ni mo ti gbà pé orin ìjọ wà lọ́tọ̀, orin mi wà lọ́tọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbà. Àwọn ọkùnrin márùn-ún tí n ò mọ̀ rí wá da méjèèjì pọ̀ mọ́ra lójú mi. Nígbà tí sakisofóònù wọlé, ó rọra wọlé bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn, lẹ́yìn náà ló wá figbe ta. Omi bọ́ lójú mi. Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ti dún tipẹ́tipẹ́.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá àwo Gúúsù Áfíríkà kiri nìyẹn. Mo kó àwọn ará Amẹ́ríkà sílẹ̀, mo gbé àwọn tuntun sókè níbi tí ojú mi ti lè tó wọn. Mo ń ka ẹ̀yìn páálí bí ẹni ń ka Bíbélì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn sá kúrò nílé nítorí ìjọba tí kò ka dúdú sí èèyàn. Àwọn kan wá sí London yìí gan-an, wọ́n ń fọn fèrè nínú òtútù fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn, wọ́n sì kú síbí láìtún fojú kan ilé. Inú máa ń bí mi tí mo bá ka ìyẹn. Ó ń bí mi nínú títí di báyìí.

Ẹnì kan ló máa ń bá mi gbọ́ ọ. Wòlíì ìjọ wa ni, ẹgbẹ́ mi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni láàárín ọ̀sẹ̀. Peckham la ti jọ wà, a sì jọ kó wá sí ìhà ibí ni. Ní ọ̀sán Sátidé tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á wá, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó, á di ojú. Ìyàwó mi á gbé oúnjẹ fún un, á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á padà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀. Àwo tí mo ń wí yìí ló máa ń béèrè. "Tún un gbé sí i, Bàbá Ìbejì. That one, those five men." Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nígbà náà. Mo rò pé Ọlọ́run ti fún mi ní etí kejì.

Lẹ́yìn náà ni dókítà rí kókó nínú ọmú ìyàwó mi. Wọ́n ní àwọn máa yọ ọ́, àwọn á sì mọ irú ohun tó jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Á gbé ife, á gbọ̀n. Á fẹ́ ti abẹ́rẹ́ bọ òwú, á gbọ̀n. Kì í sọ̀rọ̀ ikú, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú ilé hàn mí, ibi tí ó ń kó ìrẹsì sí, ibi tí ìwé àwọn ọmọ wà. N ò lè wo ojú rẹ̀ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó lọ sábẹ́ ọ̀bẹ nígbà tí ẹ̀mí gbé Wòlíì nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ó ṣubú síwájú pẹpẹ nínú sùtánà rẹ̀. Ní ìjọ wa, orin máa ń ti òkè wá. Tí ẹni tó wà nínú ẹ̀mí bá lanu kọ orin tí a ò gbọ́ rí, akọ̀wé á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ìjọ á kọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, orin wa nìyẹn títí ayé. Kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tó ti wá, torí pé a mọ ibi tó ti wá.

Wòlíì lanu. "Mú mi délé, Baba, mú mi délé."

Ọ̀rọ̀ yẹn tuntun. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi gbé e, mo mọ ibi tó máa yà sí kó tó yà. Mo mọ ibi tó máa gòkè, mo mọ ibi tó máa dúró mí. Sakisofóònù mi ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rí lára mi bí ìgbà tí èèyàn rí kóòtù ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíì nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ò tiẹ̀ wá a rárá, ohùn mẹ́ta náà ni. Gbogbo ìjọ gbè é. Mo yíjú sí apá àwọn obìnrin láti wo ìyàwó mi. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà, omi ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀.

Mo bá Wòlíì lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń wọ bàtà.

"Wòlíì, níbo lo ti gbọ́ orin yẹn?"

"Gbọ́ báwo? I was in the spirit now. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo kọrin, àwọn ni wọ́n sọ fún mi."

"Àwo mi ni. Ti South Africa tó o máa ń ní kí n tún gbé sí i."

Ó dáwọ́ okùn bàtà dúró, ó wò mí. Mo wá irọ́ nínú ojú rẹ̀, n ò rí i, ìyẹn sì tún bí mi nínú sí i. Tó bá jẹ́ pé ó ń purọ́ ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa fi í ṣe.

"Bàbá Ìbejì, ṣé Ọlọ́run ò lè gba South Africa kọjá ni?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Abeg, má jẹ́ kí Ìyá Ìbejì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí o. Not this week."

Gbólóhùn kan ni mo ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀: ilé rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Kò sọ ọ́. Kò tíì sọ ọ́ di òní.

Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń lọ sílé, ìyàwó mi ní, "Orin tèmi ni wọ́n gbé wá yẹn. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́." Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí àpò rẹ̀. Kò gbọ̀n. Kí ni kí n wá sọ? Pé orin yẹn ti wà ní pálọ̀ wa láti ọjọ́ yìí wá, pé ìlẹ̀kùn ló ń tì mọ́ ọn? Mo ń wa mọ́tò mi lọ.

Wọ́n yọ kókó náà. Wọ́n ní kì í ṣe èyí tó burú. Mo dúpẹ́, mo wólẹ̀ dúpẹ́ bí ẹnikẹ́ni ṣe máa dúpẹ́. Ìyàwó mi jẹ́rìí níwájú ìjọ pé orin yẹn lòun ń kọ lọ́kàn títí tí oorun abẹ́rẹ́ fi gbé òun lọ. Láti ìgbà náà, orin yẹn di ìyá gbogbo orin ní ìjọ wa. Òun náà ló ń dún lórí fóònù ìyàwó mi tí ẹnikẹ́ni bá pè é. Àwọn ọkùnrin tó kú sí àjò, tí wọn ò rí ilé mọ́, àwọn èèyàn ń fi ohùn wọn bẹ̀bẹ̀ fún ilé ní Creekmouth, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wà láyé rí. Wòlíì ò wá ní Sátidé mọ́. Iṣẹ́ Olúwa ti pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó ní. Èmi náà ò pè é.

Mo fi àwo náà sẹ́yìn àwọn yòókù. N ò fẹ́ kí ó dún nínú ilé. Èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún etí kan látọjọ́ yìí wá ń fi orin pamọ́ fún ìyàwó mi.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, ara kan mí gógó. Ìyàwó mi wà nínú ilé ìdáná, ó ti ti ìlẹ̀kùn kí n tó tiẹ̀ tan ẹ̀rọ, torí pé ó rí mi tí mo dìde lọ sídìí àwo. Ìyẹn ló ká mi lára. Mo fa àwo náà jáde, mo gbé e sí i, mo yí ohùn sókè.

Dùùrù bẹ̀rẹ̀, ohùn mẹ́ta. Sakisofóònù wọlé.

Ìlẹ̀kùn ṣí.

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ó fetí sílẹ̀. Ó wá bọ́ sí pálọ̀. Ó jókòó sórí àga Wòlíì.  Ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lé wọn lórí: mú mi délé, Baba. Ó gbọ́ ojú kan àwo náà tán láìdìde. Etí tí mo ti ń wá ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun nìyí.

Nígbà tó parí, ó la ojú. Inú ń bí i.

"Ta ni àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn ará South Africa."

"Wọ́n ti jí orin Wòlíì! Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Orin tí Ọlọ́run fún wa!" Ó ti ń wá fóònù rẹ̀ nínú àpò aṣọ rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ tún un gbé sí i. Let me record it. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Wòlíì kó gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe."

Ó na fóònù síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

Mo gbé abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.