Orin Họ́npáìpù tí Mo Lọ Gbọ́ ní Buford

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi jáde nílé mi ní Jonesboro, ní Amẹ́ríkà níbí, fáólìn mi, gòjé òyìnbó, lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pè mí. Fẹ́mi ni wọ́n pè, nọ́ọ̀sì kan tóun náà ń ta fáólìn ní ìjọ wa, tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Bàbá òyìnbó kan tí Fẹ́mi tọ́jú ní ọsibítù ló fẹ́ kó wá ta orin àwọn baba ńlá òun níbi ọjọ́ ìbí òun. Bẹ́ẹ̀ èmi ti ń ta fáólìn ní ìjọ kí Fẹ́mi tó dé Amẹ́ríkà. Ó ká mi lára. Mo ní n ó bá a lọ wo ìwé tí orin náà wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọkọ̀," ni Fẹ́mi wí látinú mọ́tò.

A yà lọ́nà ra búrẹ́dì ẹlẹ́yin àti kọfí, dọ́là mẹ́jọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú wa lọ́hùn-ún, owó yẹn á se ẹ̀wà tí èèyàn márùn-ún á jẹ yó. Títì wọn dán ṣá, kò sí kòtò kan títí a fi dé ilé bàbá náà ní Buford.

Bàbá gbé ìwé náà jáde. Ọwọ́ ni àwọn ta-fáólìn-ta-fáólìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ ọ́ láyé àtijọ́. Họ́npáìpù ni wọ́n ń pe orin inú rẹ̀, orin ijó tí wọ́n ń fi bàtà lu ilẹ̀ sí.

Fẹ́mi ka nóòtì, àmì orin inú ìwé náà, ó ta á, kò ṣì í rárá. Ẹsẹ̀ bàbá kò mì.

"Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, sà," Fẹ́mi ní.

"Òótọ́ ni. Dọ́gbadọ́gba ni wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ta á dọ́gba. Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé o ti mọ̀." Bàbá fi ẹnu kọ ọ́, ó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀: ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú.

Èmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́ta, tí mo ń fi agbára káká ka nóòtì, etí mi gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ta á, ó ń fò. Bàbá dìde, ó jó. Ó ní èmi ni n ó wá ta á lọ́jọ́ ìbí òun.

Ó fún wa ní ẹ̀dà ojú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n, tiyín rèé," Fẹ́mi ní.

"Kí ni n ó fi bébà ṣe? Orí mi ni ìwé mi."

Fẹ́mi ká méjèèjì sápò. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé Jonesboro. Ẹ̀rín ló ń rín, kò bínú, ìyẹn náà sì ń bí mi nínú.

Nílé, ìyàwó mi ní, "Ẹ ta á ká gbọ́." Apá kìíní jáde. Apá kejì, orin ìjọ ló ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo tún un ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ṣé ibẹ̀ ló parí sí ni?" ó bi mí.

Mo pe Fẹ́mi lórí fóònù pé tó bá dé ilé rẹ̀ ní Snellville, kó fi bébà náà ránṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì wà níwájú ilé yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa pè."

Mo lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Ìrìnàjò yìí ti fi hàn mí pé etí mi yá ju ti Fẹ́mi lọ, n kò sì ní gbà fẹ́nikẹ́ni lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun ló mọ̀ pé mo máa gbàgbé, tó sì jókòó dè mí. Ìyẹn ló dùn mí jù.