Òṣùpá Méjì Lórí Ebè Bàbá Mi

Èmi ni mo kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Máàsì, ayé pupa tó múlé gbe tiwa, kí ẹ̀rọ òyìnbó tó débẹ̀. Lánàá, ọmọ-ọmọ mi fi àwòrán ilẹ̀ pupa náà hàn mí lórí fóònù, òórùn ebè tuntun sì kún imú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, mo ti sùkúù bá bàbá mi lóko, níbi tó ti ń kọ ebè iṣu.

"Bàbá, tíṣà ní òṣùpá méjì ló wà ní Máàsì."

"Ọ̀kan ṣoṣo l'Ọlọ́run dá! Kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ, àbí o ò ní padà sí sùkúù mọ́."

Mo fẹsẹ̀ jan ilẹ̀ pupa oko náà bí ẹni pé Máàsì ni mo tẹ̀. "Méjì ni!"

Ó gba síléètì mi, ó ki ọkọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Lónìí mo mọ̀ pé ẹni tí yóò bá a kọ ebè ló ń wá.

Irọ́ ni mo pa pé mo dé Máàsì. Ṣùgbọ́n òṣùpá ibẹ̀, méjì ni.