Nígbà Tí Gbogbo Ilé Wa Dákẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọwọ́ mi kì í ṣiṣẹ́ àfi bí etí mi bá rí nǹkan gbọ́. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó síbi tí ó pa rọ́rọ́ kí n máa hun òwú, ńṣe ni n óò máa wo òwú, òwú náà yóò sì máa wò mí. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ti wà nítòsí, ìbáà ṣe orin, ìbáà ṣe ìjà àwọn ará ilé kejì, kíá ni ọwọ́ mi yóò yá.

Ariwo kò sì wọ́n wa. Òṣogbo ni a ń gbé, ní ilé kan tí kò jìnnà sí gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Old Garage lónìí. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ ọkọ̀ yóò ti máa pariwo, "Iléṣà! Iléṣà ku ẹnì kan!" nígbà tí ó jẹ́ pé dírẹ́bà nìkan ni ó wà nínú ọkọ̀. Bàbá mi jẹ́ télọ̀, ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ni ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ẹ̀rọ náà a sì máa ké kẹ-kẹ-kẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lórí tábìlì kékeré nínú pálọ̀ ni rédíò onípákó wa wà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà ń pè é nígbà náà, nítorí pé òun nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í dúró gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ wa obìnrin ni ó kọ́ wa ní híhun ní ilé ìwé. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni a fi ń ṣe é, èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí pé láyé ìgbà yẹn, kò sí pálọ̀ tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní bá òwú híhun lórí àga. Tèmi wá pọ̀ jù. Mo hun ìbora fún rédíò, mo hun fún ìkòkò omi, mo hun fún fìlásìkì tí Bàbá fi ń mu tíì. Bàbá sọ fún Màmá lọ́jọ́ kan pé, "Bí a bá fi ọmọ yìí sílẹ̀, yóò hun fìlà fún ewúrẹ́." N kò sọ fún un pé mo ti wọn orí ewúrẹ́ náà.

Bí mo bá ti pọnmi tán, tí mo fọ abọ́, tí mo lọ ata Màmá lórí ọlọ títí ojú mi fi ń ṣomi, èmi àti òwú mi nìyẹn, lábẹ́ rédíò, pẹ̀lú gúgúrú àti ẹ̀pà nínú ìwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa ka ojú òwú wọn ní ení, èjì, ẹ̀ta. Èmi kì í kà á ní tèmi, orin ni mo ń bá lọ. Bí wọ́n bá ń kọ orin àpàlà, iṣẹ́ mi yóò dọ́gba, yóò sì mọ́ra. Bí ó bá kan ìròyìn, ọwọ́ mi yóò dẹ̀, òwú náà yóò sì fẹ̀. Ìbora àpótí kan tí mo hun fún Màmá, apá kan rẹ̀ le, apá kejì fẹ̀ bí àwọ̀n. Màmá a máa nawọ́ sí i han àwọn àlejò, a ní, "Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn rèé."

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Màmá mi. Abúlé kan lẹ́yìn Iperindo ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń gbé, tí wọ́n ń ṣe oko kòkó àti obì. Ibẹ̀ ni mo ti ń lo ọlidé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, ohùn Bàbá Àgbà ni mo máa ń gbọ́, nítorí ọkùnrin náà kì í panu mọ́. Yóò bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, yóò bá àdá ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò sì bá àwọn tí wọ́n ń lọ wa góòlù sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi kọjá lọ ráúráú. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa rànwú. Yóò na òwú sókè, yóò ta ìrànwú rẹ̀ kí ó máa pòòyì, òwú náà yóò sì máa lọ́. Kò sí ẹni tí ó ń ra òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí òwú òyìnbó ti kún ọjà. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò dá ọkọ rẹ̀ lóhùn, "Hẹn-ẹn," tí ìyẹn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ní ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọkùnrin kan ti abúlé wá. Ó mu omi tán, ó wá sọ fún Bàbá mi pé, "Bàbá ti dákẹ́." Ẹnu yà mí gan-an ni. Bàbá Àgbà, kí ó dákẹ́? Mo béèrè pé, "Ta ló bá wọn wí tí wọ́n fi dákẹ́?" N kò tíì sọ ọ́ tán tí ọwọ́ Màmá fi dé orí mi. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ju gèlè sílẹ̀ tí ó bú sẹ́kún ni mo tó mọ irú dídákẹ́ tí ó jẹ́. Ojú tì mí, ó sì dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn bàbá náà púpọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n mú Yèyé wá sọ́dọ̀ wa. Apẹ̀rẹ̀ kan ni ó gbé lọ́wọ́, òwú funfun àti ìrànwú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Màmá pe gbogbo wa jọ, ó ní, "Ìyá mi ń ṣọ̀fọ̀. N ò fẹ́ gbọ́ pìn-ín nínú ilé yìí." Bàbá mi, ẹni ire ni, ó ní kí aláàárù gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun lọ sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ẹ̀bá Ọjà Ọba, kí kẹ-kẹ-kẹ rẹ̀ má baà dí ìyá lọ́wọ́. Wọ́n pa rédíò, wọ́n fi ìró bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú. Wọ́n ti fèrèsé tí ó kọjú sí gáréèjì. Odó pàápàá kò ṣẹ́kù, wọ́n gbé e jáde. Ilé kejì ni Màmá ti ń lọ gúnyán, kí Yèyé má baà gbọ́ gbì-gbì. Kí iyán náà tó dé iwájú rẹ̀, ó ti tutù.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi bàjẹ́ pátápátá ní àkókò náà. Mo ń hun fìlà kan fún Bàbá, ó lọ́ sápá ọ̀tún, ó tún lọ́ sápá òsì, mo tú u nígbà mẹ́rin. Nígbà tí kò ṣe é fara dà mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin nínú imú, díẹ̀díẹ̀. Màmá gbọ́. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ṣé ilé ijó ni ilé ọ̀fọ̀?"

Ṣùgbọ́n Yèyé kò jẹun. Òkèlè méjì, ó parí, yóò ní òun ti yó. Ìrànwú rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí dípẹ́ńsárì, wọ́n ní àwọn kò rí àìsàn kankan lára rẹ̀. Bí ó ti ń rù tó ni Màmá ń fi kún ìdákẹ́ ilé, a wá di ẹni tí ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún Bàbá nínú yàrá pé, "Ó fẹ́ tẹ̀ lé e lọ ni." Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti bà mí; bí mo bá ti jí láàárọ̀, mo kọ́kọ́ máa ń lọ wò ó bóyá Yèyé ṣì ń mí.

Ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá ti lọ sí ìsọ̀, Màmá ti lọ sọ́jà, ó ku èmi àti Yèyé nínú pálọ̀. Mo mú fìlà burúkú náà, mo ń ja òwú. Láìmọ̀, orin tún bọ́ sí mi nímú. Yèyé gbójú sókè. Mo dákẹ́ lójú kan náà, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí pé obìnrin ni mí, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá."

Ó ní, "Kí lo dákẹ́ fún?"

Mo ní, "Màmá ló ní kí ilé dákẹ́ nítorí yín."

Ó mi orí. Ulé ni Yèyé máa ń pe ilé, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnì kan ṣoṣo ló dákẹ́. Èwo ni ti gbogbo ulé tó tún wá ń dákẹ́ lé mi lórí? Bí mo bá lajú, mo rò pé èmi náà ti kú ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé ẹgba. Mo ká ìró kúrò lórí rédíò, mo yí i. Ó kọ́kọ́ dún bí arúgbó tí ó ń wúkọ́, ohùn ọkùnrin kan sì jáde. Kì í tilẹ̀ ṣe orin, iye tí wọ́n ń ra kòkó ni ó ń sọ. Ọkùnrin náà ń sọ, ó ń sọ, kò dúró. Yèyé tẹ́tí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Hẹn-ẹn."

Ó na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo gbé e fún un. Ó fa òwú yọ, ó ta ìrànwú, ìrànwú náà pòòyì, ó ṣubú. Ó tún ta á, kò ṣubú mọ́. Mo ṣí fèrèsé, ariwo gáréèjì rọ́ wọlé. Bí orin àpàlà ti bẹ̀rẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́ tèmi.

Màmá ti gbọ́ rédíò láti títì. Ó já wọlé pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, èmi sì ti fi ọwọ́ bo orí. Bàtà náà kò bà mí. Nígbà tí mo ṣíjú, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọjà ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Yèyé kò dúró. Ó ní, "Gbé ẹrù rẹ sọ̀, kí o lọ gbé odó rẹ wálé. Iyán tútù ti sú mi." Màmá rẹ́rìn-ín, ó sọkún, ó jókòó sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilé wa ni wọ́n ti gúnyán, gbogbo ògiri ń mì, Yèyé sì jẹ ẹ́ títí ó fi lá ọwọ́. Bàbá mi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà wálé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Yèyé tún lò lọ́dọ̀ wa kí ó tó lọ bá ọkọ rẹ̀.

Lónìí, èmi náà ti di opó, ó di ọdún mẹ́ta. Nígbà tiwa, ilé kan, rédíò kan ni, ohun tí ẹnì kan bá gbọ́ ni gbogbo ilé gbọ́. Nísinsìnyí, olúkúlùkù ti ní orin tirẹ̀, inú etí ni wọ́n sì ń pa á mọ́ sí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni ó ń bá mi gbé, ọmọ dáadáa ni. Ó fẹ́ràn kí ó máa sin ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. A jọ máa ń jókòó ní pálọ̀ ní ọ̀sán, òun pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, èmi pẹ̀lú òwú. Yóò ti nǹkan kékeré méjì tí ó fi ń gbọ́ orin inú fóònù rẹ̀ bọ etí, orí rẹ̀ yóò máa mì, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yá. Wọ́n ti kọ́ ọ pé àwọn àgbà ń fẹ́ ìsinmi, nítorí náà yóò rọra rìn, yóò rọra gbé ìgò ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì jáde síta bí fóònù rẹ̀ bá dún. Ó ti tó ìgbà mẹ́wàá tí mo ti la ẹnu láti sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí èmi náà gbọ́ orin rẹ̀. Yèyé lẹ́nu jù mí lọ. Ojú ń ti èmi láti tọrọ ariwo lọ́wọ́ ọmọdé.

Ní ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yọ ọ̀kan kúrò ní etí rẹ̀, ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé ariwo mi ò dí yín lọ́wọ́?" Mo ní rárá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn, ó sì rọra ti fèrèsé.