Èdè Sípéènì Nínú Àpò Ṣẹ́ẹ̀tì Ọkọ Mi

Bí mo ṣe fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi ń wọ̀ lọ kọ́ni ni mo rí bébà kan nínú àpò rẹ̀: trabajé, trabajaste, trabajó. Lábẹ́ rẹ̀: viví, viviste, vivió. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Èdè Sípéènì ni. Mo ṣiṣẹ́, o ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́. Mo gbé, o gbé, ó gbé. Gbogbo rẹ̀, ohun tó ti kọjá. 

Mo bi í. Ó ní ti ọmọ iléèwé òun kan ni. Tíṣà ìṣirò ni ní Dadin Kowa; ọmọ iléèwé wo ló ń kọ́ èdè Sípéènì ní Jos? Mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fetí sí i ní balùwẹ̀. Bí omi bá ti ń dà, òun náà á máa ka trabajé, trabajaste bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo pọn ọmọ, mo lọ kí ìyá ọkọ mi ní Jenta Adamu. Mo dọ́gbọ́n purọ́ bíi pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ bá wa fi ìrìnàjò Dádì yìí sínú àdúrà o."

"Ó ti sọ fún ọ ni? Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí físà á fi jáde. Ayé le, ìyàwó."

Wọ́n gbàdúrà, mo ṣe àmín. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, mo jẹ ẹ́ tán, n kò mọ adùn rẹ̀. N kò ṣàì mọ àṣà yẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ òkè òkun, ó ti dé ọ̀hún kó tó pè wá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bímọ fún ọkùnrin yìí.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ rẹ̀.

"Dádì, ayé tí ẹ ń sá fún yìí, ṣé èmi náà wà nínú ẹ̀?"

Ó ní, "Haba, ìyàwó mi."

Ó ṣàlàyé pé níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà, wọ́n máa fi èdè náà bi òun pé níbo lòun ti ṣiṣẹ́, níbo lòun ti gbé. Orúkọ òun nìkan ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi pe òun. Bó bá pé ọdún kan, èmi àti ọmọ á tẹ̀ lé e. Ó ní òun fi í pamọ́ torí ẹ̀rù ń ba òun pé bí kò bá bọ́ sí i, ojú á ti òun lọ́dọ̀ mi.

Mo gbà á gbọ́, díẹ̀. Ní báyìí, èmi ni mò ń di bébà mú lálaalẹ́, tí mò ń bi í. Ó máa ń ṣì í bó bá kan "ó ṣiṣẹ́". Èmi kì í ṣì í. Ó rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni. Àmọ́ bó bá dé Sípéènì, tí mo pè é, tí ẹnìkan ń fi èdè Sípéènì bá a sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá gbọ́ gbogbo ẹ̀.