Ohun Tí Olùkọ́ Elisha Ní Kí Wọ́n Fagi Lé

Ní Òdígbó, bí ẹ bá bèèrè Elisha Akínwọlé, àwọn ọmọdé lè má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ní Bàbá Kẹ́mísìrì, wọn yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo. Kò kọ́lé alárà, kò ra mọ́tò. Orúkọ yẹn ni gbogbo dúkìá rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó sá kòkó síta lásìkò òjò.

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni búlúsítóònù, òkúta aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ ń pò mọ́ ẹfun láti fi fín kòkó kí èso rẹ̀ má bàa dúdú lórí igi. Ilé ìwé náà kò ní ohun èlò kankan, nítorí náà Elisha máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan wá láti oko rẹ̀. Yóò lọ̀ ọ́, yóò dà á sínú agolo mílíìkì, yóò gbé e kaná. Omi inú òkúta náà yóò gbẹ, búlúù yóò di funfun. Yóò wá kán omi sí i, funfun yóò sì padà di búlúù lójú gbogbo wọn. Àwọn ọmọ yóò pàtẹ́wọ́, Elisha yóò sì ṣàlàyé pé ìyípadà mìíràn wà tó ń lọ tó sì ń bọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ àlọ tí kò ní àbọ̀.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ dára mọ. Lẹ́yìn agolo, nóòtì ló kù. Nóòtì tí olùkọ́ tirẹ̀ pè fún un láyé ọjọ́sí ni òun náà ń pè fáwọn ọmọ, kò yọ kọ́mà kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá dé ohun tó ń yí padà mọ́nú ìgò, tí àlọ rẹ̀ àti àbọ̀ rẹ̀ sì dọ́gba, gbogbo ìyípadà dúró. Ọdọọdún ló ń pè é. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá bi olùkọ́ ní ìbéèrè kejì, afojúdi ló ṣe.

Ìgbà tó yá ni Oyin Oyèdèjì dé. Ọmọ abúlé Àgọ́ Aláyé nítòsí ibẹ̀ ni, Elisha yìí kan náà ló kọ́ ọ kó tó lọ sí yunifásítì. Ìjọba gbà á síṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní kó máa ran ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí i, inú Elisha sì dùn dọ́ba. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dá Elisha dùbúlẹ̀, Oyin sì bá a mú kíláàsì àṣejáde fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tó gbádùn, ó ṣí ìwé ọmọ rẹ̀, Fìyìnfólúwa, tó wà ní kíláàsì náà, ó sì bá ohun tí òun kò pè níbẹ̀. Oyin ti kọ́ wọn pé nígbà ìdọ́gba, nǹkan kan kò dúró. Àlọ ń lọ, àbọ̀ ń bọ̀, bí wọ́n ṣe ń yára bákan náà ni kò jẹ́ kí ojú rí i. Ó ní ẹni tí kò bá gbà kó lọ wo gáréèjì Orè.

Àgbà tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ì bá pè é sẹ́yìn ilé kó bi í. Elisha pè é síwájú kíláàsì. Ó ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, ó sì bèèrè bóyá yunifásítì àwọn awakọ̀ ló lọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí wọ́n mú bírò pupa, kí wọ́n fagi lé gbogbo ohun tí Oyin kọ́ wọn. Ogójì ọmọ fagi lé e. Oyin dúró ti pátákó títí wọ́n fi parí, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì jáde. Kí sáà tó parí, Elisha ti fẹjọ́ sun ọ̀gá ilé ìwé pé Oyin kò mọ àgbà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní Araromi-Obu, níbi tí ọ̀kadà ti ń wọ́ ẹrẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, Elisha jókòó sí gáréèjì Orè, ó ń dúró de ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Èkó. Luqman tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ń ṣàròyé fún un pé àwọn tó ń kọjá ń sọ pé gáréèjì òun ti kú, pé iye bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀.

Luqman ní, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni láàárọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà nìyí, sà. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú ti àárọ̀ tó ṣì wà níbí."

Elisha gbójú sókè. Ọ̀kan jáde lọ sí Benin, ọ̀kan wọlé láti Oǹdó. Ó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, ó ń kà wọ́n. Ìgbà náà ló yé e pé bí Oyin ṣe wí gan-an ló rí, ojú sì tì í.

Ó pinnu pé òun yóò sọ ọ́ fáwọn ọmọ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, ó fi ẹ̀kọ́ mìíràn bojú. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Kó wá dúró níwájú ogójì ọmọ, kó ní kí wọ́n tún fagi lé tòun? Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ìbéèrè lórí ìdọ́gba má jáde nínú ìdánwò àṣejáde. Ẹ wo irú àdúrà tí àgbàlagbà ń gbà.

Ìbéèrè náà jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánwò, Fìyìnfólúwa ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí bàbá rẹ̀ wá bá a, tó bi í pé kí ló kọ.

"Èyí tí Àǹtí Oyin kọ́ wa ni mo kọ, Bàbá. Mo ti rí i nínú ìwé pé òun ló tọ̀nà."

Ọkàn Elisha balẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀, ó wá bi í pé àwọn yòókù ńkọ́.

Ọmọ náà kò gbójú sókè. "Wọ́n bi mí kí a tó wọlé. Wọ́n ní èmi ni mò ń gbé lọ́dọ̀ yín, kí n sọ èyí táwọn máa kọ. Mo ní tiyín ni kí wọ́n kọ. Mi ò lè dúró láàárín wọn kí n sọ pé bàbá mi ò mọ̀ ọ́n."

Elisha lanu láti bá a wí. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe òun?